Ẹ Má Fi Ẹ̀sùn Kan Òjò

Onímọ̀ ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ilẹ̀ pupa ẹ̀kúnwọ́ kan lára òkè, ó fún un pọ̀. Nígbà tó la ọwọ́, ilẹ̀ náà dúró bí òkèlè ẹ̀bà. Ó ṣí ike omi tó gbé dání, ó ta omi díẹ̀ sí i, ó tún fún un. Ó ṣì dúró. Ó da omi sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ náà kò dúró mọ́. Ó gba àárín ìka rẹ̀ yọ́ jáde bí ògì, ó sì kán sórí bàtà rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbójú sókè wo òkè tó wà níwájú wa, níbi tí ojú ọgbẹ́ pupa kan ti là gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo àwa tó dúró tì í náà gbójú wò ó.

Regent ni a wà, láàárín àwọn òkè tó yí ìlú Freetown ká ní Sierra Leone. Sugar Loaf ni wọ́n ń pe òkè tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ yẹn. Mo tẹ̀lé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ gòkè lọ síbẹ̀ nítorí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí òkè ti ya lu ènìyàn ní ọdún 2017, tí mo ti ń gbọ́ ní etí.

Láti ìgbà tí mo ti padà sí ilé mi ní Ọ̀pẹ̀bí, ní Èkó, ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá sì ń ròyìn ohun tí mo rí fún ènìyàn, èsì kan náà ni mo máa ń gbà: òjò ni, àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀wé yìí láti pe ẹjọ́. Màá ka ẹ̀sùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì sọ ẹni tó yẹ kó dáhùn rẹ̀. Òjò kò sí lára wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò ńlá ti fi ń rọ̀ kí òkè tó ya. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2017 títí di àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, òjò tó rọ̀ sí Freetown tó mìlímítà 1,040, ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń retí láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ẹní, nígbà tí ara òkè já. Ilẹ̀, òkúta àti igi ya lu àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dà wọ inú odò Babadorie, ó di ẹrẹ̀ tó ń sáré, ó sì ń gbé ilé àti ènìyàn lọ títí tó fi dé Lumley, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó kú mọ́ àwọn tí wọn kò rí mọ́, iye wọn jẹ́ 1,141. Ilé ìgbókùúsí ọsibítù Connaught kún àkúnya. Wọ́n kó òkú lọ sin sí Waterloo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè àwọn tí àrùn Ebola pa lọ́dún díẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sin láìmọ orúkọ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e gúnlẹ̀ sí Freetown. Òun la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Regent yìí gan-an wà lára ibi tó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé kó tó padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará wa tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Akú, wà lára àwọn tó kọ́lé sí ìdí àwọn òkè wọ̀nyẹn. Àwọn tó padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta nínú wọn là ń pè ní Sàró. Títí di òní, orúkọ Yorùbá ṣì wà lẹ́nu àwọn Krio, àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ẹbí wa ni òkè yẹn ya lù.

Ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ilẹ̀

Kí n tó ka ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òkúta dúdú líle ni egungun àwọn òkè Freetown. Oòrùn àti òjò ti ń jẹ ojú òkúta náà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ó fi di ilẹ̀ pupa àti yangí, tó nípọn lórí òkúta bí ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ lé ẹ̀wù. Òkúta tó wà lábẹ́ náà kò dán mọ́rán, ó ní ìlà àti ihò tí omi ń gbà wọlé.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní ohun méjì ló ń jà lára òkè lójoojúmọ́. Ìwúwo ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, bí ilẹ̀ sì ṣe dì mọ́ra tó sì dì mọ́ òkúta ń dá a dúró. Níwọ̀n ìgbà tí ìdìmú bá ju ìwúwo lọ, òkè yóò máa dúró. Omi ló ń ṣègbè nínú ìjà yìí. Tó bá wọnú ilẹ̀, ó ń fi kún ìwúwo rẹ̀. Tó bá tún rá sí àárín ilẹ̀ àti òkúta, ó ń gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìdìmú yóò fi tú, bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí táìlì tí omi ọṣẹ dà sí.

Igi ni agbẹjọ́rò òkè. Ewé rẹ̀ ń gba ìlù òjò kó tó dé ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń mu omi, ó sì ń di ilẹ̀ mú bí okùn ṣe ń di ẹrù. Ìdí òkè náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló ń ti èyí tó wà lókè, bí ọ̀pá tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gé igi ti lé agbẹjọ́rò lọ. Ẹni tó bá gé ìdí òkè láti fi rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kọ́lé ti yọ ọ̀pá náà.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kò purọ́ fún mi. Wọ́n ní òkè tó dagẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ya fúnra rẹ̀, bí òjò bá pọ̀ tó. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò dé rí. Ṣùgbọ́n òkè tó bá ya tí kò sí ilé lábẹ́ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Òjò ló yin ìbọn ní Regent, ènìyàn ló ki ẹ̀tù sí i. Ìbọn tí a kò ki ẹ̀tù sí, bí a bá ń yìn ín láti àárọ̀ di alẹ́, kò lè pa eṣinṣin.

Ó wá yá. Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn.

Ẹ̀sùn kìíní: Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé igbó ọba

Láti ọdún 1916 ni ìjọba ti sọ igbó tó wà lórí àwọn òkè yẹn di igbó ọba. Ní ọdún 2012, wọ́n tún gbé e ga sí i, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìtọ́jú ohun alààyè ti orílẹ̀-èdè. Ìwé rẹ̀ pé, àmì ààlà rẹ̀ wà. Púpọ̀ nínú igi rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ogun jà ní Sierra Leone láti 1991 sí 2002, àwọn ará oko sá wọ Freetown, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì ń gòkè. Wọ́n nílò igi ìdáná, wọ́n nílò èédú, wọ́n nílò ibi tí wọn yóò forí lé. N kò fẹ̀sùn kan ìyá tó gé igi kó lè se oúnjẹ fún ọmọ tó gbé sá ogun. Ẹ̀yin tí wọ́n fi igbó náà ṣọ́, tí ẹ ń gbowó oṣù lórí rẹ̀, tí ẹ rí i tí igi ń jáde lójoojúmọ́ tí ẹ sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yin ni mo fẹ̀sùn kàn. Àwọn bàbá wa ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹ̀yin kò fi ro ara yín wò nítorí ilé yín kò sí lábẹ́ òkè.

Ẹ̀sùn kejì: Ẹ ta ibi tí kò yẹ ní títà

Kò sí ilé tó ń hù fúnra rẹ̀ bí olú. Kí ẹnìkan tó da ìpìlẹ̀, ẹlòmíràn ti na ọwọ́ sí ilẹ̀ náà pé ibi báyìí ni tìrẹ. Ẹnìkan ti wọn ilẹ̀, ó ti ri bíkìn mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ti fọwọ́ sí ìwé. Awọnlẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ó dagẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni pé kó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹni tó ra ilẹ̀ yẹn fi owó tó fi ọdún púpọ̀ kó jọ rà á. Ẹ̀yin tí ẹ tà á mọ̀ pé igbó ọba ni tàbí ojú omi, ẹ sì gba owó náà. Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i mọ̀ pé ibẹ̀ kò ṣeé kọ́lé sí, ẹ sì lu òǹtẹ̀. Wàhálà yìí kì í ṣe ti Freetown nìkan. Àwa náà mọ ọmọ onílẹ̀. Èkó ṣòfin lórí wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, síbẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yóò gba ìwé, wọn yóò sì dáná àríyá fún un. Ìgbà tí omi bá wọlé ni yóò tó mọ̀ pé ọ̀nà omi ni wọ́n tà fún òun.

Ẹ̀sùn kẹta: Ẹ gé ẹsẹ̀ òkè

Oríṣi ilé méjì ni mo rí lórí àwọn òkè yẹn. Èkíní ni ilé ńlá tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tó ní bákónì tó dojú kọ òkun. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní pan-body: páànù, pátákó àti okùn, tó lẹ̀ mọ́ ara òkè bí ìgbín. Ẹni tó ni èkejì kò ní ohun tó fi gé òkè ju ṣọ́bìrì lọ. Ẹni tó ni èkíní ló gbé katakata wá.

Onímọ̀ ilẹ̀ kan mú mi lọ sí ẹ̀yìn ògiri tí wọ́n fi ti òkè dúró lẹ́yìn irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Ògiri náà ga jù mí lọ, wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá nǹkan kiri ara rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ihò ló ń wá, ihò kékeré tí wọn máa ń fi páìpù sí kí omi tó wà lẹ́yìn ògiri lè máa jáde. Kò rí ẹyọ kan. Ó wá fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀dà ti wú, tó ti ń ṣí bí awọ tí iná jó. Omi wà lẹ́yìn ibẹ̀. Kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń ti ògiri ní gbogbo ìgbà.

Owó páìpù mélòó kan ni a ń sọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ rí owó ra táìlì àti fèrèsé ńlá, tí ẹ kò rí owó ra páìpù tí omi yóò gbà jáde, ẹ̀sùn yín rèé. Bí ògiri yẹn bá wó, orí àwọn tó wà ní pan-body nísàlẹ̀ ni yóò wó lé kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ wà láàyè.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀, ẹ di etí

Òkè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ní agbègbè yẹn. Ní ọdún 1945, òkè ya ní Charlotte, abúlé tí kò jìnnà sí Regent, ó sì pa ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìkún omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé ní Freetown, pápá ìṣeré ìlú ni wọ́n kó wọn lọ. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ìkún omi yẹn àti ọjọ́ tí Sugar Loaf ya.

Ní ọdún 2017 kan náà, òjò fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko kìlọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wọn òjò kò ju ike àti igi tí wọ́n fa ìlà sí lọ, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á. Regent ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní mọ́ṣáláṣí. Agogo wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Ẹni tó yẹ kó sọ pé "Ẹ lù ú, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde kílẹ̀ tó ṣú" ni kò sí. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti wo ojú ọjọ́ kí ẹ sì sọ fún aráàlú, oorun tí àwọn ènìyàn yẹn sùn mọ́jú ọjọ́ Ajé, tí ẹnikẹ́ni kò jí wọn, wà lọ́rùn yín.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Ẹ sin òkú, ẹ fi alààyè sílẹ̀

Ìjọba kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ méje. Omijé lé sójú Ààrẹ, àwọn àlejò wá láti òkè òkun, wọ́n kó búláńkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ wá. Wọ́n pa àgọ́ fún àwọn tó kù. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti tú àwọn àgọ́ náà ká, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní owó díẹ̀ pé kí wọ́n lọ wá ibi tí wọn yóò máa gbé. Níbo ni ẹni tí ẹrẹ̀ gbé ilé, ìyàwó àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ yóò lọ? Ibi tí ilẹ̀ ti pọ́ọ́kú ni. Ara òkè náà sì ni ilẹ̀ ti pọ́ọ́kú.

N kò ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìyìn tó tọ́ sí i. Yvonne Aki-Sawyerr tó di olórí ìlú Freetown ní 2018 kéde pé àwọn yóò gbin igi mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ti gbin ọ̀kẹ́ àìmọye. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn lónìí, ó di ọdún púpọ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ tó lè di òkè mú. Ẹni tó gé igi àádọ́ta ọdún jẹ gbèsè àádọ́ta ọdún, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san án.

Ẹ̀sùn kẹfà: Èmi àti ẹ̀yin, ará Ọ̀pẹ̀bí

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí pé kí n ní a dúpẹ́ pé kò sí òkè ní ìlú wa. Òótọ́ ni pé Ọ̀pẹ̀bí tẹ́jú, iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ wa. Ọlọ́run kò dá òkè fún wa, àwa fúnra wa la mọ ọ̀kan.

Ẹ lọ sí apá Òjótà, ẹ wo Olúṣòṣùn. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó síbẹ̀. Àjọ tó ń kó ìdọ̀tí ní ìlú wa fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìdọ̀tí tí Èkó ń kó jáde lójúmọ́ kan ju 13,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn ọkọ̀ akódọ̀tí PSP ń gbé níwájú ilé wa ló ti gba ibẹ̀ lọ, ó ti ga ju òrùlé lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ó gbiná, èéfín rẹ̀ sì bo gbogbo agbègbè. Àwọn ènìyàn ń ṣa ike àti irin lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ilé àti ìsọ̀ sì wà nídìí rẹ̀.

Ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ jẹ́ nípa òkè Regent, bákan náà ni ti òkè pàǹtí. Ó ga, ó dagẹ̀rẹ́, kò ní gbòǹgbò tó so ó pọ̀, omi òjò sì ń wọ inú rẹ̀ láìrí ọ̀nà jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2017, ààtàn Koshe ya ní Addis Ababa, ó pa ènìyàn tó ju 110 lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn ti Regent, ààtàn kan ya lu ilé ní Conakry, olú ìlú Guinea, ó pa ènìyàn tí kò dín ní mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ààtàn Kiteezi ya ní Kampala, ó pa ènìyàn tó ju 30 lọ. Àwọn tó mọ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé Kiteezi ti kún. Lẹ́yìn tí ó pa ènìyàn tán ni wọ́n tó yọ olórí àjọ tó ń ṣàkóso ìlú náà níṣẹ́, tí wọ́n sì gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ìjọba Èkó ti sọ pé àwọn yóò ti Olúṣòṣùn pa. Ẹ̀sùn mi sí wọn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dín òkè kù ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Láàárín àwa àti Òjótà ni Odò Ìyá Aláró wà. Àwọn tó sọ odò náà lórúkọ rántí obìnrin tó ń rẹ aṣọ láró. Àwa tó wà níbẹ̀ báyìí ti rẹ omi rẹ̀ dúdú láìsí aró. Mo bá onímọ̀ ilẹ̀ kan rìn lọ sí bèbè rẹ̀ nígbà tí mo padà dé. Ó gún ilẹ̀ ibẹ̀ ní igi, igi náà wọlé láìjà. Ọ̀rá, ike àti àpò sìmẹ́ǹtì ni ìdajì ohun tí a dúró lé. Wọ́n fi pàǹtí dí etí odò, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀ títà. Omi tó ti ní ọ̀nà kó tó di pé a bí wa, a fún un lọ́rùn, a wá ń bínú pé ó ń ya wọlé.

Èmi náà jẹ̀bi. Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀ ní òpópónà wa, obìnrin kan gbé àpò pàǹtí jáde, ó jù ú sínú gọ́tà, ó dúró wò ó títí omi fi gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì wọlé. Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí i, n kò la ẹnu. Àpò yẹn kò sọnù, ó wà lábẹ́ afárá kan tàbí nínú odò. Nítorí náà mo kọ orúkọ ara mi mọ́ àwọn olùjẹ́jọ́.

Ohun tí a ń béèrè

Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìdí ẹjọ́ yìí nìyẹn. Àgbàrá kò purọ́ fún wa rí nípa ohun tó fẹ́ ṣe. Onílé ló gbà fún un. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé kò pọ̀, kò sì sí èyí tí agbára wa kò ká nínú rẹ̀.

Kí ìjọba Èkó rán àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sí Olúṣòṣùn àti gbogbo ààtàn ńlá ìlú yìí, kí wọ́n wọn ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ àti omi tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ka àbájáde rẹ̀ sí etí aráàlú ní èdè tí aráàlú gbọ́. Kí wọ́n gé orí rẹ̀ wálẹ̀, kí wọ́n la ọ̀nà fún omi inú rẹ̀, kí wọ́n sì wá ibi gidi fún àwọn tó ń gbé nídìí rẹ̀ kó tó di pé wọ́n ní kí wọ́n kúrò.

Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ilé lójú omi, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé náà kedere, kí a lè mọ ẹni tí a ó pè bí ilé bá wó. Nígbà tí wọ́n bá ń wó ilé tó wà lójú omi, kí wọ́n má wó ti mẹ̀kúnnù nìkan kí wọ́n sì fi ti ọlọ́lá sílẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa wo gọ́tà àti odò nígbà òjò, kí wọ́n sì fún un ní agogo. Kí ó lù ú nígbà tó yẹ, kódà bí ó bá jẹ́ òru.

Àti ìwọ tó ń ka ìwé yìí: bí o bá rí i tí ẹnìkan ń da pàǹtí sí omi, má ṣe bíi tèmi. La ẹnu.

Ẹ má tún sọ fún mi pé òjò ni. Òkè ti jẹ́rìí, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ ẹ̀rí náà, ní ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan. Àwọn 1,141 ní Regent kò lè wá sílé-ẹjọ́ mọ́. Àwa tó wà láàyè ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ní Èkó, oṣù Kẹfà ni òjò wa máa ń pọ̀ jù lọ. Ẹ dáhùn ẹ̀sùn yín kó tó dé.